Wọ́n ní iṣan èjìká mi ya díẹ̀, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n là á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Kápẹ́ńtà ni mí, òrùlé ni mo ń kàn, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, ọmọ ọdún 46 ni mí. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí èjìká ọ̀tún ti ń dà mí láàmú. Páńkì kan ló yọ̀ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi lókè òrùlé, mo sáré nawọ́ gbá a mú, mo kàn gbọ́ tí nǹkan dún nínú èjìká. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ na ọwọ́ sókè kan ìṣó, àfi bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún mi níbẹ̀, tó bá di òru mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Ẹ́kísíréè tí mo kọ́kọ́ yà, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n ní kí n lọ ya sikáànù ni wọ́n tó sọ pé iṣan ya díẹ̀, "partial tear" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Dókítà kan ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, òmíràn ní kí n lọ máa ṣe físíò. Bàbá tó ń to eegun ládùúgbò wa ní òun á fà á padà sáyè ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé yíya díẹ̀ yìí máa ya tán ni bí mi ò bá tètè jẹ́ kí wọ́n là á? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun.

* * *

Bọ̀dá Kápẹ́ńtà, ẹ kú ìrora. Físíò niṣẹ́ tèmi, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú ara, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń bá àwọn eléjìká ṣe nílùú yìí, èmi fúnra mi náà sì ti ya iṣan èjìká òsì rí, níbi tí mo ti ń gbé aláìsàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Ìrora òru tí ẹ ń sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ya ná. Ẹ ti rí ẹsẹ̀ màálù lọ́dọ̀ alápatà, ibi tí ẹran pupa ti ń tán tó wá di nǹkan funfun líle tó lẹ̀ mọ́ eegun, tí ọ̀bẹ kì í tètè ràn. Irú nǹkan funfun yẹn ló wà léjìká wa. Ẹran mẹ́rin ló wá láti ara eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká, wọ́n wá fi nǹkan funfun yẹn bo orí eegun apá bí fìlà ṣe ń bo orí, òun làwọn dókítà ń pè ní rotator cuff. Èyí tó gba òkè kọjá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, supraspinatus lorúkọ ẹ̀, òun ló máa ń ya jù, torí abẹ́ eegun kan ló ń gbà kọjá, ibẹ̀ há, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ó nípọn tó mìlímítà 10 sí 12. Tí wọ́n bá ní ó ya díẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ó ya wọnú ṣùgbọ́n kò já. Ó lè jẹ́ abẹ́ ló ti ya, lójú tó kọjú sí oríkèé, ìyẹn ló wọ́pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ òkè, lójú tó kọjú sí eegun tó bò ó. Ó sì lè jẹ́ àárín ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ló là, tí òkè mọ́ tí abẹ́ náà mọ́.

Ẹni tó ní ẹ́kísíréè yín ò ní nǹkan kan, òótọ́ ló sọ, eegun ló ń wí. Ẹ́kísíréè kì í rí nǹkan funfun yẹn rárá. Ó wúlò ṣá, torí ó máa ń fi hàn bóyá eegun ti hù jáde bí ẹ̀gún, bóyá oríkèé ti jẹ, tàbí bóyá nǹkan bí ẹfun ti dì sínú iṣan. Ẹni tó bá wá torí ẹ́kísíréè mọ́ sọ fún yín pé irọ́ lẹ ń pa, kó tún lọ kàwé.

Ìbéèrè tèmi sí yín rèé: ìwé sikáànù yẹn, ṣé ó sọ bó ṣe jìn tó, ṣé ó sì sọ ojú tó ti ya? Ẹ bá mi wò ó. "Partial tear" nìkan ò tó. Mìlímítà méjì, partial tear ni. Mìlímítà mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá, òun náà partial tear ni. Ìtọ́jú wọn ò sì jọra.

* * *

Mo padà dé lálẹ́ yìí mo rí i pé èsì ti gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn. Ohun tẹ́ ẹ sọ pín sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan ní kí Bọ̀dá Kápẹ́ńtà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kíákíá, wọ́n ní aṣọ tó bá ya díẹ̀, béèyàn ò bá rán an, ṣe ló máa ń ya sí i. Àwọn kejì ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kí abẹ kàn án, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe é, ọwọ́ ẹ̀ ò gòkè mọ́ títí dòní. Àwọn kẹta ní òrí, adín àti omi gbígbóná ti tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ aṣọ, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n èjìká kì í ṣe aṣọ. Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni pé iṣan tó ya yẹn máa lẹ̀ padà bí Ọlọ́run ṣe dá a, ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ìrora lè lọ, agbára sì lè padà, torí ẹran mẹ́ta tó kù àti apá tí kò ya lára ìkẹrin lè jọ gbé iṣẹ́ náà tí a bá kọ́ wọn. Òótọ́ ni pé àwọn kan máa ń ya sí i, ó sábà máa ń gba oṣù tàbí ọdún, èyí tó jìn ló sì léwu jù. Àwọn mìíràn á wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì kúrò lójú kan. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ní kéèyàn padà wá ya sikáànù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, pàápàá tí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Èyí tí a kì í dúró fún ni tẹni tó ṣubú tàbí tí nǹkan wúwo já lù ú, tí ọwọ́ kọ̀ tí kò gòkè mọ́ lójijì. Ìyẹn lẹ̀ ń sáré gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀.

Ẹni tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò lè gbọ́wọ́ sókè mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo kẹ́dùn. Mo ti rí irú ẹ̀ o. Màá padà sórí ẹ̀ tí a bá dé ibi iṣẹ́ abẹ, torí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ ló ń fa ìyẹn.

* * *

Arábìnrin kan bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé iṣan ló ya, ṣebí gbogbo èjìká ló ń dunni. Ìbéèrè gidi nìyí, torí mo ti rí èèyàn tí wọ́n ti ń tọ́jú fún iṣan yíya fún ọdún kan gbáko tó jẹ́ pé ọrùn ló ń ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnu yín ni màá kọ́kọ́ fi yẹ̀ yín wò. Níbo ló ti ń dùn yín? Tẹ́ ẹ bá fi ìka kan tọ́ka sórí èjìká gan-an, tàbí tẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ apá lókè, mo ń ro iṣan. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ fà á láti ọrùn gba apá dé ìka, tí ìka ń ta yín ṣinṣin, ọrùn ni màá kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà màá ní kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ti iṣan máa ń rọrùn níbẹ̀rẹ̀, tó bá dé ìwọ̀n dígírì bí 60 á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, á máa ta lọ títí dé bí 120, tó bá ti kọjá ibẹ̀ á tún rọ̀. Màá ní kẹ́ ẹ nawọ́ síwájú kẹ́ ẹ kọ àtàǹpàkò sílẹ̀ bí ẹni tó ń da omi ife nù, kí n wá tẹ ọwọ́ yín mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa kọ̀ fún mi. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin mo máa ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣì lè we gèlè fúnra wọn, ṣé wọ́n lè gbọ́mọ pọ̀n kí wọ́n sì fa ọ̀já yí ẹ̀yìn. Ìdáhùn wọn sí méjèèjì yẹn máa ń sọ púpọ̀ fún mi kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n rárá.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni èjìká tó gan. Tí èmi pẹ̀lú yín bá jọ fẹ́ gbé ọwọ́ náà tí kò lọ, tẹ́ ẹ bá di ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ yí ọwọ́ síta tí kò yí, bí èmi bá bá yín yí i náà kò yí, gígan nìyẹn, ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ti iṣan yíya, ọwọ́ tìrẹ ló kọ̀ láti gòkè, ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn bá bá ẹ gbé e, ó máa ń lọ. Nítorí náà mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tí èjìká ẹ̀ gan lọ yẹ ṣúgà wò. Ó tó ẹni mẹ́ta tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ní in.

Ohun kan tún wà táwọn dókítà ń ṣe tí mo fẹ́ràn. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú sábẹ́ eegun èjìká yẹn, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún yẹ agbára ọwọ́ wò. Tí ìrora bá lọ tí agbára sì padà, ìrora ló ń dá ọwọ́ dúró. Tí ìrora bá lọ tí ọwọ́ ṣì rọ jọwọrọ, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í ro yíya tó jìn.

* * *

Lórí sikáànù, kúkúrú ni màá sọ ọ́. Ẹnì kan ní gbogbo sikáànù tí kì í ṣe MRI (ẹ̀rọ ńlá tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya inú ara), ìfowóṣòfò ni. Rárá o. Sikáànù olóhùn, irú tí wọ́n fi ń wo aboyún, tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ èjìká bá dì í mú, ó ń ríran dáadáa, ó rọjú ju MRI lọ, wọ́n sì lè máa yí ọwọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wò ó. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹni tó ń yà á ló ni í. Aláìsàn mi kan lọ sí ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣan já pátápátá, ó sunkún délé, nígbà tó ya MRI ní Ìbàdàn, ó ku ju ìdajì lọ tí kò ya. MRI náà kì í ríran tán tó bá kan yíya díẹ̀ o, yíya tó já pátá ló ń rí dáadáa jù. Àwọn kan máa ń gún oògùn sínú oríkèé kí wọ́n tó yà á kó lè hàn sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ ni pé fọ́tò kì í ṣe àìsàn. Lọ́dún 1995, wọ́n ya MRI èjìká fún èèyàn 96 tí nǹkan kan ò ṣe ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tó ti lé lọ́mọ 60 ọdún, ó ju ìdajì lọ tí iṣan wọn ti ya, díẹ̀ tàbí pátápátá, wọn ò sì mọ̀. Mo ní bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀tún ló ń dùn ún, wọ́n ṣèèṣì ya méjèèjì, ti òsì tí kò dùn ún rárá ló tún ya jìn jù. Ṣé ká wá lọ la ti òsì ni? Èjìká tó ń yọ èèyàn lẹ́nu là ń tọ́jú.

* * *

Ẹni tó ní bàbá tó ń to eegun wo bàbá òun sàn, mi ò jà o. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí mi sí. Tó bá jẹ́ pé ó fi òrí pa á, tó fi aṣọ gbígbóná jó o, ara á tù ú, gbígbóná máa ń tu ẹran lára, èmi náà ń lò ó. Ibi tí mo ti ń kọ̀ ni fífà. Iṣan ò yẹ̀ kúrò nípò, kò sí ohun téèyàn fẹ́ fà padà. Ìyá kan tó ń gún iyán tà ní Sábó ló wá bá mi lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ti fa ọwọ́ ẹ̀ nígbà mẹ́ta, wọ́n sin gbẹ́rẹ́ yí èjìká ká, gbẹ́rẹ́ náà ti ń ṣọyún. Oṣù kan la fi kọ́kọ́ wo ojú gbẹ́rẹ́ sàn kí n tó rí èjìká tọ́jú. Dókítà tí ì bá gún un lábẹ́rẹ́ nínú èjìká náà kọ̀, torí ibi tí ọyún wà, abẹ́rẹ́ kì í wọ ibẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ti ìyá yẹn tán, torí ó kan Bọ̀dá Kápẹ́ńtà. Iyán gígún ni wọ́n fi ń tọ́mọ. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má gún iyán fóṣù mẹ́ta, wọ́n ní ta ni á bọ́ àwọn. Wọ́n tọ̀nà. A jókòó, a rò ó, a ní kí odó kúrú sí i kí ọmọ odó má bàa kọjá orí, kí ọmọ wọn ọkùnrin máa gún, kí àwọn máa yí i, kí àwọn má sì gbé odó fúnra wọn. Wọ́n ń ṣe eré ọwọ́ láràárọ̀ kí wọ́n tó dáná. Ó gbà tó oṣù mẹ́rin. Wọ́n ti ń gún iyán padà báyìí, iṣan tó ya náà ṣì wà níbẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé "mo ṣe físíò, kò ṣiṣẹ́", ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ bi yín: ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ ṣe é, kí ni wọ́n sì ṣe fún yín níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá gbé iná gbígbóná lé léjìká lẹ́ẹ̀mẹfà tí wọ́n fi ọwọ́ fún un lára díẹ̀ tí wọ́n ní kó máa lọ, kò tíì ṣe físíò èjìká. Mo ń sọ ọ́ láàárín àwa oníṣẹ́ náà, ó ń dùn mí.

Iṣẹ́ náà gan-an gba oṣù mẹ́ta ó kéré tán, nígbà mìíràn mẹ́fà. Ẹ máa fa eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn méjèèjì súnra. Ẹ ká táwẹ̀lì sí abẹ́ ìgúnpá, ẹ fi tíúbù kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ là so mọ́ ojú ilẹ̀kùn, ẹ máa fi ọwọ́ fà á síta díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó padà pẹ̀lẹ́, ìpadà yẹn náà ṣe pàtàkì. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, ọjọ́ kan yẹra fún ọjọ́ kan. Ó lè dun yín díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀, tí ìrora náà bá ti lọ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kò burú, tí kò bá lọ, ẹ dín in kù. Kò sí ẹni tó ń rí ìyàtọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Èmi fúnra mi ò rí i àfi ní bí ọ̀sẹ̀ keje, mo ti ń rò ó pé kò ní ṣiṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú wíwú lọ, ńkọ́? Ó máa ń mú ìrora lọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kéèyàn lè rí oorun sùn kó sì rí eré ọwọ́ ṣe, ibẹ̀ ló wúlò. Kì í rán iṣan. Téèyàn bá ń gún un léraléra ó lè mú kí iṣan náà rọ̀ sí i, torí náà ẹni tó ń gún ọ́ lóṣooṣù, sá fún un. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó mọ̀ pé ṣúgà máa ga fún ọjọ́ mélòó kan. Oògùn ìrora tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́mísì náà, àwọn ìbúprófìn àti díklófẹ́nákì, tẹ́ ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí kíndìnrín tí ò le, ẹ má lò ó láì bi dókítà. Bọ̀dá Kápẹ́ńtà, oṣù márùn-ún lẹ wí. Oògùn wo lẹ ti ń lò látìgbà náà?

* * *

Ó dáa, iṣẹ́ abẹ. Lọ́dún 1990 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Ellman ní Amẹ́ríkà pín yíya díẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, òun làwọn dókítà ṣì ń lò: èyí tí kò tó mìlímítà 3, èyí tó wà láàárín 3 sí 6, àti èyí tó ju 6 lọ, tó túmọ̀ sí pé ó ti ju ìdajì iṣan lọ. Ibi ìdajì yẹn ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń pààlà. Tí kò bá tó ìdajì, tí físíò tòótọ́ kò sì ràn án, wọ́n lè kàn tún ojú ibi tó ya ṣe, kí wọ́n gé fọ́nrán tó ń já kúrò. Tó bá ju ìdajì lọ, wọ́n máa ń rán an. Èyí tó ya lójú òkè, àwọn dókítà kan kì í dúró kó tó ìdajì kí wọ́n tó rán an, torí ó máa ń ṣe agídí sí físíò ju ti abẹ́ lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rán an, Bọ̀dá Kápẹ́ńtà á yé yín jù wá lọ. Wọ́n á lu ihò kéékèèké sára, kámẹ́rà tó tín-ínrín bíi bírò á wọlé lójú kan, irinṣẹ́ á gba ojú mìíràn. Wọ́n á ha ojú eegun kí ẹ̀jẹ̀ lè yọ, wọ́n á wá kan ìṣó kékeré kan tí okùn wà lára ẹ̀ mọ́ eegun, wọ́n á fi okùn yẹn gún iṣan, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń fi okùn gba inú apá tí kò ya kọjá kí wọ́n má bà á jẹ́. Àwọn kan á kúkú gé eyí tó kù já kí wọ́n lè rán gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ bíi tuntun. Àríyànjiyàn yẹn ò tíì tán láàárín wọn, àwọn méjèèjì ló ń gbà èsì tó dára, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà yín ṣe èyí tọ́wọ́ ẹ̀ mọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní kámẹ́rà yìí o, àwọn kan ṣì ń là á ní ojú kan tó fẹ̀ díẹ̀, iṣan náà ń jinná bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mi ò gbà ni ti fífá eegun nìkan. Ẹnì kan nínú yín ní wọ́n sọ fún òun pé àwọn máa fá eegun òkè èjìká kí ààyè lè gbà iṣan, pé ìyẹn ti tó. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí ẹ̀, ó jáde lọ́dún 2018, ó ju èèyàn 300 lọ. Wọ́n fá ti àwọn kan, àwọn mìíràn wọ́n kàn ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ wò láì fá nǹkan kan. Ara méjèèjì tù bákan náà. Kẹ́ ẹ tó san owó fún fífá nìkan, ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa.

* * *

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí ẹ̀gbọ́n tí ọwọ́ ẹ̀ ò gòkè. Ẹ gbọ́, wákàtí kan sí méjì ni abẹ. Oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́. Iṣan tí wọ́n kàn mọ́ eegun, kì í lẹ̀ kíákíá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọwọ́ máa fi wà nínú ọ̀já tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn. Láàárín ìgbà yẹn, ẹlòmíràn ló ń bá yín gbé ọwọ́ náà, ẹ̀yin ò gbọdọ̀ fi agbára gbé e. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fúnra yín. Ó di bí oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó fa rọ́bà. Iṣẹ́ àgbára, àwọn òrùlé yìí, oṣù mẹ́fà kì í sábà din, àwọn kan ń pé ọdún. Tẹ́ ẹ bá yára jù, okùn á fa iṣan ya. Tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rù tẹ́ ẹ kọ̀ láti jẹ́ kí ọwọ́ rìn rárá, á gan. Ọ̀pọ̀ ẹni tí "abẹ bà lọ́wọ́ jẹ́", ọ̀kan nínú méjì yìí ló ṣe wọ́n, torí kò sí ẹni tó jókòó tì wọ́n ṣàlàyé.

Nílẹ̀ wa yìí, nǹkan mìíràn tún wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í kọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n dì. Òsì lẹ máa fi jẹun, òsì lẹ máa fi nawọ́ sí àgbà. Kunlékunlé kan láti Ọ̀yọ́, tó ń kun síìlì, wọ́n rán iṣan tiẹ̀ dáadáa, tiẹ̀ ti já wọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, òun ni mo fi ń sọ pé iṣẹ́ abẹ dára fún ẹni tó bá tọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó, bàbá ìyàwó ẹ̀ na nǹkan sí i, ojú tì í láti fòsì gbà á, ó yọ ọ̀já, ó fọ̀tún gbà á, ó sì dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara ẹ̀ dìde. Ó ya. Wọ́n tún un rán. Látìgbà náà, kí n tó jẹ́ kí aláìsàn mi lọ ṣe abẹ, mo máa ń ní kó lọ sọ fún àwọn àna àti àgbà ilé pé òun máa lo ọwọ́ òsì fún oṣù kan àti ààbọ̀, kò sì ní dọ̀bálẹ̀. Kò sí àgbà kan tó tíì bínú. Wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n sọ fún àwọn ṣáájú ni.

Kẹ́ ẹ sì wá àga tẹ́ ẹ máa sùn lé, torí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdùbúlẹ̀ gbalaja kì í rọrùn, ìrọ̀rí lábẹ́ ìgúnpá. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn lẹ́yìn abẹ, ẹ má jókòó sẹ́yìn kórópe, ọ̀nà yẹn á gbọ̀n yín. Ẹni tó ń mu sìgá kó dáwọ́ dúró, kì í jẹ́ kí iṣan lẹ̀. Ẹni tó ní ṣúgà kó jẹ́ kó wálẹ̀ ṣáájú.

* * *

Bọ̀dá Kápẹ́ńtà ti dáhùn, ẹ ṣeun. Wọ́n ní àwọn ti ya MRI báyìí, ó ya lójú abẹ́, ó jìn tó mìlímítà 4, iṣan náà nípọn tó 11, ẹran ẹ̀ ò tíì di ọ̀rá. Ọwọ́ ń gòkè dé orí tí wọ́n bá fara dà á. Láti oṣù márùn-ún, oògùn ìrora àti òróró nìkan ni wọ́n ti ń lò, wọ́n ń gun òrùlé lọ bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi rèé, mi ò sì ní fi pamọ́. Mẹ́rin nínú mọ́kànlá kò tó ìdajì, ọwọ́ ṣì ń gòkè, ẹ ò sì tíì ṣe físíò ọjọ́ kan. Mi ò ní lọ là á báyìí. Dókítà tó ní kẹ́ ẹ là á kì í ṣe ọ̀tá yín, ó gbọ́ oṣù márùn-ún, ó gbọ́ kápẹ́ńtà, ó gbọ́ pé lójijì ló dún, ọkàn ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ má já a sílẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ fi oṣù mẹ́ta ṣe eré ọwọ́ tòótọ́, kó tún yẹ̀ yín wò lẹ́yìn ẹ̀. Tí òru bá ṣì ń jí yín, tí agbára ò padà, tàbí tí sikáànù bá sọ pé ó ti jìn sí i, ẹ jẹ́ kó rán an, màá wà lẹ́yìn yín.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ máa kan ìṣó lókè orí kẹ́ ẹ máa ṣe físíò lẹ́ẹ̀kan náà kò lè ṣeé ṣe. Ẹ sún àkàbà mọ́ iṣẹ́ kí ọwọ́ lè wà níwájú àyà, kí ìgúnpá súnmọ́ ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá wà lókè orí, kí ọmọ iṣẹ́ kàn án, ẹ dúró nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ máa wọn igi. Owó tó máa dín kù nínú oṣù mẹ́ta yìí, ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó yín kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ lálẹ́ òní. Tó bá jẹ́ abẹ ni, oṣù mẹ́fà lẹ ò bá máa ṣírò.

Mo ti kọ ibi tẹ́ ẹ máa bá mi sínú àpótí ìfiránṣẹ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ mú fíìmù MRI yẹn dání, kì í ṣe ìwé ẹ̀ nìkan. Ẹ mú ọmọ iṣẹ́ tó dì páńkì yẹn lọ́wọ́ wá, mo fẹ́ fi ibi tó yẹ kó máa dúró sí hàn án tẹ́ ẹ bá jọ ń gbé igi.